Ìwé Safiyat Nínú Fóònù Mi

Ọjọ́ Ajé, 2 Òkúdù 2025

Ní àkókò ìsinmi lónìí, olùkọ́ mẹ́ta ló forí korí lórí fóònù kan ní yàrá àwa olùkọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni wọ́n ń kà. Nígbà tí mo sún mọ́ wọn, ìtàn Safiyat ni, orí kejìdínlógún. Olùkọ́ ìṣirò, tí kì í ka nǹkan kan ju ìwé ìròyìn eré bọ́ọ̀lù lọ, ló ń kà á sókè fún àwọn yòókù. Ó ń ka Yorùbá náà bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó dákẹ́.

Èmi ni mo kọ́ Safiyat ní Yorùbá ní SS2, nínú kíláàsì tó wà lẹ́yìn ògiri yàrá yẹn gan-an. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún un pé ó lè kọ̀wé. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí, ó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀wọ́dé. Láàárín oníbàárà kan sí èkejì ló ń fi fóònù kọ ìtàn rẹ̀, ó ń fi orí kan sórí Wasáàpù ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn sì ń dúró dè é.

Ìwé tèmi tí mo tẹ̀ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni. Mo tà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tà á nílé ìwé, mo fi ta mọ̀lẹ́bí lọ́rẹ. Èyí tó pọ̀ jù ṣì wà nínú páálí ní yàrá ẹ̀yìn.

Mo ti pinnu. Èmi náà á gbé ìwé mi sórí fóònù, màá sì bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì kí ọdún yìí tó parí.

Dádì Tófúnmi, ọkọ mi, béèrè ohun tó dé tí mo fajú ro. Mo ní oòrùn ló mú mi. Láti àárọ̀ ni òjò ti ń rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Òkúdù

Iléyá. Safiyat àti Àkànbí ọkọ rẹ̀ gbé ẹran wá, abọ́ ńlá kan. Àkànbí ló ń tún fóònù ṣe nítòsí géètì Poli, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Lẹ́yìn tí a kí ara wa kú ọdún, tí wọ́n jókòó, ni Safiyat sọ ohun tó bá wá. Ìtàn náà ti parí, ó fẹ́ kó gbogbo orí rẹ̀ pọ̀ di odindi ìwé, kó máa tà á lórí ìkànnì kan tí èèyàn ti lè sanwó kó sì kà á lórí fóònù rẹ̀. Ó fẹ́ kí n kọ́kọ́ bá òun tún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe, kí n sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀.

Mo gbà. Èmi nìkan ló ń ka àkọsílẹ̀ yìí, mi ò ní í purọ́ sínú rẹ̀: kì í ṣe ìfẹ́ ló jẹ́ kí n gbà. Mo fẹ́ rí bí ìwé náà ṣe burú tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdù

Mo ka ìwé Safiyat tán. Ó dára. Inú mi bàjẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Òkúdù

Mo lọ sọ́dọ̀ Alhaji Sàláwù tó tẹ ìwé mi àkọ́kọ́, lẹ́bàá stéṣọ̀n reluwé. Mo fẹ́ mọ iye tí ìwé kejì máa ná mi bí mo bá kọ ọ́ tán. Káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú ló kún orí tábìlì rẹ̀. Nígbà tó pe iye tí òun máa gbà lórí igba ẹ̀dà, mo ní kó tún un pè. Ó ní bébà ti wọ́n, yíǹkì ti wọ́n, epo jẹnẹrétọ̀ sì ń wọ́n sí i lójoojúmọ́.

Ó ní, "Mọ́mì, àwọn tó ń kọ̀wé ò wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Orí fóònù ni gbogbo wọn gbà lọ."

Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè bóyá mo mọ ọmọbìnrin tó ń ta oògùn ní Ọ̀wọ́dé, tó ń kọ ìtàn. Ó ní kí n bá òun sọ fún un pé tó bá fẹ́ tẹ tirẹ̀ sórí bébà, òun á dín owó rẹ̀ kù. Kò sọ̀rọ̀ pé òun máa dín tèmi kù.

Mo ra àgbàdo bọ̀ wálé. Mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún náírà. Kékeré ni wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdù

Mo parí iṣẹ́ ìwé Safiyat. Àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wà níbi tó yẹ. Gbólóhùn kan wà ní orí kẹjọ tó wọ́ díẹ̀. Mo mọ bí èèyàn ṣe lè tún un ṣe. Mo wò ó títí tíì mi fi tutù, mo ń rò ó pé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, mo tún un ṣe, mo fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí i. Ó pè mí, ó ń dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Òkúdù

Ìwé náà jáde lánàá. Lójú ewé àkọ́kọ́ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ òun, Mọ́mì Àdìkẹ́, tó kọ́ òun láti máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé orúkọ mi ti wọ inú ìwé tí gbogbo ayé ń kà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíì ló wà lórí èèpo ìwé náà.

Dádì Tófúnmi ti sanwó, ó ti ń kà á. Mo wà ní ilé ìdáná, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dá rẹ́rìn-ín ní pálọ̀. Ìwé tèmi, orí kẹta ló kà dé tó fi sọ pé ojú ń dun òun. Ọdún mẹ́jọ rèé, ojú náà ò tíì san.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Òkúdù

Tófúnmi pè mí láti Ìbàdàn, ó sì fi sùúrù kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé ìwé mi àtijọ́ sórí ìkànnì kan náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbé e síbẹ̀, gbogbo ẹ àti ọ tó ní àmì lórí di àpótí kéékèèké, bí ẹni pé eku ti jẹ ibẹ̀. Ọmọ náà ní irú lẹ́tà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ló ti pẹ́ jù. A bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Iná lọ, iná dé. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìwé mi dé orí ìkànnì, èèyàn tó wà ní ìlú òyìnbó lè rí i. Mo jókòó, mo ń wo èèpo ìwé náà lórí fóònù. Inú mi dùn gan-an.

Ọjọ́ Ajé, 30 Òkúdù

Èèyàn méje ló ti ra ìwé mi. Mo mọ márùn-ún nínú wọn. Ọ̀kan ni Tófúnmi, ọ̀kan ni Safiyat.

Safiyat tún sọ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé kí wọ́n lọ ra ìwé olùkọ́ òun. Ó yẹ kí n pè é kí n dúpẹ́. Mi ò lè pè é. Ì bá tiẹ̀ jẹ́ agbéraga, ọ̀rọ̀ ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Màá kọ èyí sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni mo fi ìwé mi han ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ Yorùbá lórí Wasáàpù. A tó igba níbẹ̀. Ẹnì kan fi àwòrán àtàńpàkò ránṣẹ́, àwọn yòókù dákẹ́. Lónìí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìwé Safiyat láti àárọ̀. Ọkùnrin kan ní ìwé Yorùbá àkọ́kọ́ tí ọmọ òun máa kà parí nìyẹn. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, olùkọ́ ní ìlú mìíràn, béèrè bóyá ẹnì kan lè fún òun kà, nítorí òun ò tíì gbowó oṣù.

Fáìlì Safiyat ṣì wà nínú fóònù mi. Mi ò fi í síbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Mo fi í ránṣẹ́ sí obìnrin náà níkọ̀kọ̀. Mo ní kó má fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ó ti yé òun, kí Ọlọ́run bù kún mi.

Mo sọ fún ara mi pé àánú ni mo ṣe. Àánú kì í fi ara pamọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Agẹmọ

Fáìlì náà ti padà wá bá mi. Ó wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin wa, ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò, ó sì wá láti ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi kan ní Ìjàgbò, tó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni, kí n tètè kà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Agẹmọ

Safiyat wá nínú òjò. Aṣọ rẹ̀ rin gbindin, kò sì gbà kí n fún un ní òmíràn. Ó ní láti ọjọ́ Àìkú, ẹnì kan péré ló ra ìwé òun. Gbogbo ibi tí òun bá yíjú sí, ìwé náà wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún kan àbọ̀ ló fi kọ ọ́ lórí ìdúró nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn.

Ó ní fáìlì tó ń kiri yẹn kò ní ojú ewé ìdúpẹ́, nítorí náà kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á ló ti wá. Èèyàn mẹ́ta péré ló ní irú rẹ̀ lọ́wọ́: òun, èmi, àti Àkànbí tó to ojú ewé rẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, Àkànbí ni."

Ó ka ẹ̀rí rẹ̀ fún mi. Àwọn ọ̀rẹ́ Àkànbí ń pè é ní ọkọ òǹkọ̀wé, ó sì ń dùn ún. Ó ti sọ ọ́ nígbà kan pé fóònù ni òun fẹ́, kì í ṣe ìyàwó. Gbogbo èèyàn ló sì ń fi fáìlì sí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú.

"Ta ló tún kù, Mọ́mì?"

Ó ń wò mí nígbà tó sọ ọ́, kò sì rí mi. Mo dìde, mo lọ gbé omi tíì kaná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Agẹmọ

Àkànbí wá lónìí. Safiyat ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ojoku láti ọjọ́bọ̀. Àkànbí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, ó ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́, tèmi nìkan ló máa gbọ́. Ó ní àwọn oníbàárà ń bi òun níwájú ṣọ́ọ̀bù pé ṣé lóòótọ́ ni òun ń ṣe ìlara ìyàwó òun.

"Mọ́mì, mi ò ṣe ìlara rẹ̀ rí. Èmi ni mo ra fóònù tó fi ń kọ ọ́ fún un."

Mo fún un lómi tútù. Mo ní mo máa bá Safiyat sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó tún padà wá dúpẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Agẹmọ

Wọ́n pè wá síwájú wá jẹ oúnjẹ Olúwa. Mo jókòó sáyè mi. Mo ní orúnkún ń dùn mí.

Ọjọ́rú, 16 Agẹmọ

Mo sọ ọ́ fún Dádì Tófúnmi lẹ́yìn tí a jẹun ọ̀sán tán. Mo rò pé yóò bá mi wí. Ó kàn ń fi ṣíbí ti egungun ẹja sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, ó ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ni ọmọ náà fi ṣe mí.

Mo ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ kó dà bíi tèmi, kó kọ̀wé kẹ́nikẹ́ni má kà á.

Ó ní mọ́tò Ojoku máa ń tètè kún ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí n má pẹ́ nílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Agẹmọ

Mo dé Ojoku kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Ọ̀kadà ló gbé mi láti ibi tí mọ́tò já mi sí, ẹrẹ̀ sì ta sí mi lára dé orókún. Ìyá Safiyat, Alhaja Ràfátù, ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi, òun àti ọmọ rẹ̀. Inú ìyá náà dùn láti rí mi. Ó ní òun mọ̀ pé olùkọ́ rẹ̀ ò ní í fi í sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n bá Safiyat sọ̀rọ̀ ní àwa méjì.

A wọ inú yàrá. Mo kúnlẹ̀. Ó sáré fẹ́ gbé mi dìde, ó ń sọ pé Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe, mo sì sọ ọ́ bó ṣe dì mí lápá mú.

"Kì í ṣe Àkànbí. Èmi ni."

Ó jù mí lápá sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, obìnrin inú ẹgbẹ́ wa, ọjọ́ tó jẹ́, ohun tí mo sọ fún obìnrin náà. Mi ò sọ̀rọ̀ àánú rárá. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, oje ẹ̀gẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé kò dára ni?"

Èmi tí mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, ìbéèrè yẹn ló pa mí lẹ́kún.

Mo ní, "Ó dára. Látọjọ́ tí mo ti kà á ni mi ò ti gbádùn ara mi."

Kò sunkún. Ó ní èèyàn ti ń pe ọkọ òun ní olè fún ọjọ́ mẹ́wàá, òun gan-an ló sì kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò ní í bú mi, nítorí mo tó bí òun lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ó ní kí n lọ sọ ọ́ fún Àkànbí fúnra mi, kí n sì kọ ọ́ síbi tí gbogbo wọn ti máa rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, kí n má pe òun.

Nígbà tí mo jáde, ìyá rẹ̀ ti di iṣu méjì fún mi kí n gbé lọ fún Dádì. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ̀ ọ́. Mo gbé e.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Agẹmọ

Mo kọ ọ́ sórí Wasáàpù ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn ìsìn. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ohun tí mo ṣe, mo kọ ọ́ pé Àkànbí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo bẹ gbogbo ẹni tó ní ìwé náà kó pa á rẹ́, kó sì lọ sanwó rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn akọrin náà àti àwọn aládùúgbò.

Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Ẹnì kan ní mo gbìyànjú. Ẹnì kan ní ìtìjú ni mo jẹ́ fún iṣẹ́ olùkọ́. Obìnrin tí mo fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí kúrò nínú ẹgbẹ́ láìsọ ohunkóhun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Agẹmọ

Mo lọ bá Àkànbí. Èèyàn mẹ́rin wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì sọ ọ́ létí gbogbo wọn, nítorí létí irú wọn ni wọ́n ti bà á lórúkọ jẹ́. Ó ti gbọ́ kí n tó dé. Ó ń tú fóònù kan, kò gbójú sókè títí ó fi yọ nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì."

Mo dúró bóyá yóò tún sọ nǹkan míì. Ó mú fóònù mìíràn.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Ògún

Ilé ìwé ti gba ìsinmi. Ní yàrá àwa olùkọ́, kí a tó tú ká, wọn ò forí korí mọ́ tí mo bá wọlé. Wọ́n á kí mi, wọ́n á sì wá iṣẹ́ ṣe.

Mo rí Safiyat lẹ́yìn Àkànbí lórí ọ̀kadà ní Ọ̀wọ́dé. Ó ti padà sílé. Ó sọ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé ẹni tó bá ti ka ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́ lè san ohun tí agbára rẹ̀ bá ká. Tófúnmi ní àwọn kan ń san. Kò lè tó ohun tó pàdánù.

Ọjọ́ Ajé, 11 Ògún

Òjò. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì, ojú ewé mẹ́rin. Mo kà á, mo ya méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Ògún

Safiyat bẹ̀rẹ̀ ìtàn tuntun lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ kà á máa sanwó kí ó tó rí orí kìíní. Mo san tèmi bíi gbogbo èèyàn.

Ẹlòmíì ló ń bá a fi àmì sí i báyìí, ọmọbìnrin kan ní Poli tó ń jẹ́ Hadassah, orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mo wo orúkọ náà fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìlara. Ó kàn kúrò lára Safiyat ni, ó lọ bá Hadassah.

Ní ìlà karùn-ún, ìyá arúgbó inú ìtàn náà gbé ẹrù rẹ̀, ó sì wọ inú ọkọ lọ sí Ìlọrin. Ọkọ̀ ni. Hadassah gbàgbé àmì ìsàlẹ̀. Mo ṣí ojú ewé tí mo ti máa ń kọ̀wé sí Safiyat, mo kọ ọ́ pé ìlà karùn-ún, ọkọ̀, kì í ṣe ọkọ. Mo wò ó. Ó ní kí n má pe òun. Mo pa á rẹ́.

Dádì Tófúnmi béèrè láti pálọ̀ bóyá ìtàn náà ti jáde, ó ní ojú òun ò ríran dáadáa lónìí, kí n wá kà á fún òun. Mo gbé àga mi sún mọ́ tirẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Nígbà tí mo dé ìlà karùn-ún, mo kà á bó ṣe yẹ.